Èdè Tí Ìyá Rẹ Ń Bá Adìẹ Sọ

Àbẹ̀ní mi, Rùkáyátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé tuntun le mọ́ ọ. Kí ìwọ àti Étìm ọkọ rẹ rí ara yín bá gbé ní Kàlàbá tí ẹ wà. Èmi náà ń bẹ láàyè ní Ọ̀tà níbí. Mo ń jẹun, mo ń sùn, orúnkún ọ̀tún ṣì ń dùn mí bí òjò bá ti ń ṣú. Má bi mí pé kí ló dé tí Bàbá fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù ń bẹ. Bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu bí ìṣe rẹ, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì fẹ́ kí ẹkún àgbàlagbà máa dún létí ìyàwó tuntun.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Àìkú tí a jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló fa ìwé yìí. Mo bi ọ́ pé ṣé o ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. O bú sẹ́rìn-ín. O ní, “Bàbá, kí ni mo fẹ́ fi Ẹ́fíìkì ṣe? Òyìnbó lèmi àti Étìm ń sọ. Kódà, òyìnbó ni mo fi ń ronú báyìí. A ti fi ṣòfin: òyìnbó nìkan nínú ilé wa, kí ẹnì kankan má baà rò pé wọ́n ń sọ òun lẹ́yìn.” O tún ní Étìm máa ń jáde sí bàrándà tó bá fẹ́ pe ìyá rẹ̀, kó má baà rú òfin. O fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá ọ rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kò dáa bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. “Nìkan” tí o sọ yẹn, èmi náà ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí nínú ilé yìí, nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu ọmú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Jẹ́ kí n wẹ̀yìn wò fún ọ, kí o lè mọ ibi tí mo ti ṣubú.

Ìmọ̀ràn mi èkíní, má tètè máa fọ́nnu pé o mọ èdè tí o fi ń ronú. Èmi náà fọ́nnu bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ná mi ní ìka.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga oníke ní Ṣàngó ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Ìṣẹ́yìn, mi ò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Kò pẹ́ tí Píjìn fi yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, torí òun làwa òṣìṣẹ́ ń sọ láàárín ara wa. Ọ̀gá wa tó jẹ́ ará Íńdíà, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń dá a lóhùn. Ni mo bá ń gbéra ga. Tí mo bá wálé ọdún, mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé Yorùbá ti ń sá fún mi, pé èmi ò ronú ní Yorùbá mọ́. Wo ìranù! Wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni tó ti ilẹ̀ òkèèrè dé.

Méjì-méjì là ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ẹnì kan á máa yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú móòdù, irin méjì tó ń padé láti tẹ ike gbígbóná di bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnì kejì á dúró ti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, “Ọ́fù am!” ni kí o ké, ìyẹn “pa á” ní Píjìn, nítorí ẹni tó dúró níbẹ̀ lè jẹ́ Ìgbò, ó lè jẹ́ Ìdómà, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Èmi gan-an ni mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo máa ń mú kí wọ́n ké e títí ohùn wọn á fi há.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀sán gangan, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan há sínú móòdù. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, móòdù sì bẹ̀rẹ̀ sí í padé. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí èmi olùkọ́ ké? “Yéè! Ẹ pa á! Ẹ bá mi pa á o!” Ọmọ Ìdómà ló dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, èèyàn dáadáa ni. Ó ń wò mí, ó lanu, ó ń wá ohun tí mò ń sọ lójú mi. Kó tó yé e, ẹ̀rọ ti jẹ orí ìka ìfábẹ̀lá mi lọ. Ìka tí o máa ń dì mú nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń bi mí pé ta ló jẹ ìyókù, ibi tó gbé lọ nìyẹn.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀, látìgbà tí ilé ti dákẹ́ mọ́ mi lórí. Tí mo bá ń ka nǹkan, wáànù, túù, tíríì ni, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ka bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ọlọ́kadà bá fẹ́ gbá mi ní Tóògéètì, Píjìn ni mo fi ń bú u. Tí mo bá kírun, Lárúbáwá ni. Ṣùgbọ́n inú Yorùbá ni ẹ̀rù ti ń bà mí, inú rẹ̀ náà ni mo ti ń lá àlá. Ìwọ náà ńkọ́, ìyáàfin olóyìnbó? Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, o fi ẹsẹ̀ gbá òkúta lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Ṣé òyìnbó lo fi ké? “Yéè, màámi!” lo ké, bẹ́ẹ̀ màámi rẹ ti fi ilé ayé sílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Mi ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà o. Òun ló jẹ́ kí ìwọ àti Étìm lè bá ara yín pàdé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé èdè tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́, tó fi ń ṣàwàdà, lè máà jẹ́ èyí tó máa bá a kù sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá dé. Kí o ti máa gbọ́ èyí tó jẹ́ ti Étìm kí móòdù tó padé.

Èkejì ló ṣòro fún mi láti kọ. Mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ da oúnjẹ fún adìẹ, mo tún padà jókòó.

Ègùn ni ìyá rẹ, ará Àjárá lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ìyẹn o mọ̀. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé Sènáyọ̀n lorúkọ rẹ̀ nígbà tí mo pàdé rẹ̀. Ó wà lára àwọn obìnrin tó ń fi abẹ gé etí bọ́kẹ́ẹ̀tì kó má baà ya èèyàn lọ́wọ́, ó sì ń gbé ní Ìjù lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Àjárá tí o ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, kí ìyẹn tó kó padà sílé. Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ nígbà náà, ó sì ń dùn mọ́ mi létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú un lọ sí Ìṣẹ́yìn, ìyá mi ní orúkọ náà ò yí lẹ́nu òun. Ó sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ìyàwó léèrè.

Nígbà tí a bí ọ, Màmá Àjárá wá bá wa tọ́jú ọmọ. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó tì ọ́, Ègùn ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń kọrin fún ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi á ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, mo sì rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Àbí o ò mọ bàbá rẹ ni? Onínúfùfù. Ìyá mi náà ń ta á sí mi létí pé bó bá ṣe báyìí, ọmọ òun ò ní lè kí òun. Ni mo bá là á mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, “Nínú ilé yìí, Yorùbá nìkan. Ẹ má fi èdè ẹyẹ ba ọmọ mi lẹ́nu jẹ́.” Màmá Àjárá di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá rẹ ò bá mi jà. Ó kàn ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá Rùkáyá.” Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ Ègùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ nínú ilé, mo sì rò pé mo ti ṣe bí ọkùnrin.

Àfi lọ́dọ̀ adìẹ. Ṣé o rántí? Tó bá ń da àgbàdo fún wọn lẹ́yìnkùlé, Ègùn ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Á máa sọ, á máa sọ, bí ẹni tó ń rojọ́, torí òfin mi ò dé ẹ̀yìnkùlé. Ìwọ lo bi í lọ́jọ́ kan, o ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ: “Màámi, kí lẹ ń bá adìẹ sọ?” Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tí kò rí ẹni gbọ́ ọ ni.” Mo wà lójú fèrèsé, mo gbọ́ ọ ketekete, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá rẹ dákẹ́ sí mi lọ́wọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún, èmi ò sì mọ̀ pé ó dákẹ́, torí ó ń dá mi lóhùn lójoojúmọ́.

Rùkáyá, bàrándà tí Étìm ń jáde sí yẹn, ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ nìyẹn. Má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Wàyí o, bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Mo parọ́ fún ọ nípa ikú ìyá rẹ.

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, o wà lọ́nà jíjìn lẹ́nu iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo sọ fún ọ pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún gbogbo ayé. Ó sọ̀rọ̀, Àbẹ̀ní. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn náà, ó ń dà geere lẹ́nu rẹ̀. Ègùn ni. Yorùbá ti lọ pátápátá, bí ẹni pé kò gbọ́ ọ rí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbọ́ èdè méjì, pé àìsàn náà lè gbé ọ̀kan lọ kó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ tètè wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn wá.” Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Ta ni mo fẹ́ pè? Màmá Àjárá tí mo lé? Kí n wá sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, pé èmi tí mo ti fẹ́ ẹ láti ọjọ́ yìí wá ò mọ ohun tó ń sọ? Ojú tì mí. Kì í tún ṣe ìtìjú, ìgbéraga ni. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la, Yorùbá rẹ̀ á padà. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mò ń pè é, “Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́,” ó ń wò mí bí wọ́n ṣe ń wo àlejò. Ó wá di pé èmi ni mo dúró síbi tí ọmọ Ìdómà ọjọ́sí dúró sí: mò ń wò ó, mo lanu, mò ń wá ohun tó ń sọ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejìlá, ohùn náà ti lọ. O dé, o bá a láàyè, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan mọ́, irọ́ mi sì bára mu.

Ọdún mẹ́ta ni ohùn yẹn ti wà nínú fóònù mi. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, nígbà tí wọ́n bá ti jáde ní ilé iṣẹ́ tó wà lódìkejì títì, tí ariwo wọn bá ti kọjá lọ, mo máa ń jókòó sórí àga rẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ń bẹ̀rù pé ó ń ṣépè fún mi ni, ó sì tọ́ sí mi. Mo dá wà gan-an, ọmọ mi. Tí rédíò bá ní “ẹ káàárọ̀ o,” mo máa ń dá a lóhùn. Àwọn adìẹ tó kù, ọmọ-ọmọ àwọn tìyá rẹ ni wọ́n. Mo máa ń pè wọ́n, wọn kì í yà sí mi.

Òyìnbó nìkan tí o sọ yẹn ló lé mi dìde. Mo ní tí mi ò bá lọ báyìí, wàá rin ọ̀nà tí mo rìn já. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo wọkọ̀ ní Tóògéètì, mo wọ òmíràn, mo tún wọ òmíràn, títí mo fi dé Àjárá.

Màmá Àjárá ti darúgbó. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ha àgbọn. Ó wò mí títí, ó ní, “Ṣé ìwọ nìyí, onílé Yorùbá nìkan?” Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí yanrìn, pẹ̀lú orúnkún yìí. Ó ní, “Dìde jàre, ta ló máa gbé ọ tí o bá há síbẹ̀?” Mo dìde, mo yọ fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un tẹ̀. Ó fi ìborùn nu ojú. Mo ní, “Ẹ sọ ọ́, Màmá. Bó ti wù kó burú tó, ẹ sọ ọ́.”

Ó ní, “Kò sí èébú kankan níbẹ̀, ọkùnrin yìí. Èmi ló rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó wí nìyí: ‘Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá kan jókòó tì mí. Kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ó di ọwọ́ mi mú látàárọ̀. Ìka rẹ̀ kan gé. Mo mọ ọwọ́ yìí níbì kan. Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má tíì lọ o, ẹ̀rù ń bà mí. Kó ṣáà sọ fún mi pé òun wà níbí.’”

Ó parí síbẹ̀.

Mo sọ ọ́, Àbẹ̀ní. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá. “Mo wà níbí, Àṣàkẹ́. Mo wà níbí.” Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́.

Mi ò mọ ìmọ̀ràn kelòó tí mo wà mọ́, jẹ́ kí n kàn máa wí i bó bá ṣe ń wá. Fagi lé òfin yín. Ní kí Étìm wọlé láti bàrándà, kó jókòó tì ọ́ kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí o máa gbọ́. O lè rò pé ìwọ ni wọ́n ń sọ. Fara dà á, ìyẹn ò pa èèyàn. Bí o bá ṣì í sọ, tó rẹ́rìn-ín, bá a rẹ́rìn-ín. Bí òun náà bá ṣi tiwa sọ, má pè é ní èdè ẹyẹ bí mo ti ṣe. Ọmọ tí Ọlọ́run bá fún yín, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí, orí rẹ̀ á gbà á. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà nínú ilé yín. Wá àyè pe Màmá Àjárá. Ó ní òun ṣì rántí orin tí wọ́n ń kọ fún ọ.

Bí o bá máa bínú sí mi nítorí irọ́ yẹn, bínú, ó tó bẹ́ẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sì ti ń bá tèmi gbé. Ṣùgbọ́n kó o tó bínú tán, bi Étìm bí wọ́n ṣe ń sọ “mo wà níbí” ní èdè ìyá rẹ̀, kí o sì kọ́ ọ lónìí.

Èmi ti kọ́ tèmi. Màmá Àjárá ní kí n máa wí i tẹ̀lé òun bí ọmọ ilé kéú, mo wí i títí ó fi rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò lè kọ ọ́ síbí torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí ibojì ìyá rẹ. Mi ò pe Àṣàkẹ́. Mo pè é ní Sènáyọ̀n, mo gbé ọwọ́ tó gé níka lé ilẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
oníka mẹ́sàn-án àbọ̀.